Ẹsẹ̀ Òsì Ìyá Lọ́yà

Àárọ̀ ọjọ́ tí Lọ́yà máa kọ́kọ́ dúró níwájú kíláàsì ni dókítà sọ pé àtọ̀gbẹ ti ba ẹsẹ̀ òsì ìyá rẹ̀ jẹ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ gé e kó tó di ọ̀sán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ náà á pa á.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní Lọ́yà nílé, nítorí ẹnu rẹ̀ tí kì í sinmi. Ó ti wá kàwé òfin yanjú báyìí. Ìdánwò ìkọ́ni wákàtí kan péré ló kù kó di olùkọ́ ní yunifásítì. Ẹnu ọ̀nà kíláàsì ló wà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin fi pè é láti ọsibítù.

"Bọ̀dá, dókítà ń dúró dè wá o."

"Ṣé Ìyá ò lè sọ̀rọ̀ ni?"

"Wọn ò dáhùn mọ́. Ẹ sì mọ ohun tí wọ́n máa ń wí: odindi làwọn wá sáyé, odindi làwọn máa lọ. Ẹ̀yin ni àkọ́bí. Ẹnu yín là ń wò."

"Jẹ́ kí n rò ó. Màá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́."

Olórí ẹ̀ka yọjú, màmá àgbàlagbà kan tó wọ awò.

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ẹ̀yin lẹ máa kọ́ wọn ni, àbí àwọn ló máa kọ́ yín?"

Lọ́yà wọlé. Ó fi ẹfun kọ ọ́ sójú pátákó wàràwàrà: "Ejo akoko".

"Sà," akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ẹ̀yìn wí, "ṣé ẹjọ́ ni àbí ejò?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Tó bá bù ẹ́ jẹ, wàá mọ èyí tó jẹ́," ni Lọ́yà fèsì. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Ó ń kọ́ wọn lọ, àmọ́ ọkàn rẹ̀ wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ẹsẹ̀ kan kọ́ ni ìyá. Kí Ìyá bínú sí òun títí ayé, kí wọ́n má bá òun sọ̀rọ̀ mọ́, kí òun ṣáà máa rí wọn lórí àga onítáyà. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dà á kọ, ó fi fóònù sẹ́yìn tábìlì, ó fi àtàǹpàkò kan tẹ̀ ẹ́: "E ma ge e." Ó pa fóònù náà, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Wákàtí pé. Olórí ẹ̀ka bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"A gbà yín, olùkọ́. Ọ̀rọ̀ yín yéni yékéyéké."

Kò dúró gba ìkíni. Nínú ọkọ̀, ẹ̀bẹ̀ tó máa bẹ Ìyá nítorí ẹsẹ̀ wọn ló ń tò lẹ́nu. Àbúrò rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ti bọ́ gèlè lórí.

"Bọ̀dá," ó wí, "dókítà bẹ̀ mí títí Ìyá fi mí èémí ìkẹyìn, àmọ́ mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ yín hàn wọ́n, pé ẹ ní ká má gé e."