Ẹ̀wù Tí Mànàmáná Bọ́ Kí Eré Tó Parí

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin òbí, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin. Ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ wá fi sílẹ̀ o, torí ìdajì ni ọmọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà tó fi rò pé òpin ti dé. Ẹ má bi mí pé níbo ni ìyá àgbà ti mọ bọ́ọ̀lù. Ọmọ ọmọ mi ló ń ṣọ́lé fún ikọ̀ àwọn ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè wa, àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún. Ilẹ̀kùn ni wọ́n ń pè é. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ díẹ̀, èyí tó kù ṣojú mi nínú tẹlifíṣọ̀n.

1.
Ọ̀rẹ́ Ilẹ̀kùn ni Mànàmáná, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bó bá ń sáré, ẹ ó rò pé ajá ń lé e. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ló fẹ́ lọ figagbága nínú ìdíje bọ́ọ̀lù kan, bẹ́ẹ̀ tiwa kò dé àṣekágbá rí láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé.

Kí wọ́n tó gbéra, Mànàmáná gbé síńgílẹ́ẹ̀tì funfun kan lọ bá ìyá rẹ̀, aránṣọ ni ìyá náà.

"Ìyá mi, ẹ bá mi fi òwú pupa kọ ọ́ sí i láyà: ÈMI NÌKAN NI."

Ìyá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ìwọ nìkan? Àwọn mẹ́wàá tó kù ńkọ́, ṣé ìran ni wọ́n ń lọ wò?"

"Ẹ ṣáà bá mi rán an, ẹ jọ̀ọ́."

Ó rán an. Ìfẹ́ ọmọ kò ní oògùn! Èmi ni, sísọ́ọ̀sì ni ǹ bá fi dá a lóhùn.

2.
Wọ́n gbá a, wọ́n gbá a, wọ́n yege títí ó fi ku ẹyọ eré kan kí wọ́n wọ àṣekágbá. Lọ́jọ́ náà, kóòṣì wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ti ń wọṣọ.

"Ẹni tó bá bọ́ ẹ̀wù nítorí góòlù, káàdì yẹ́lò nìyẹn. Yẹ́lò méjì, pupa. Pupa, ó di ìta. Ṣé ẹ gbọ́?"

"A gbọ́, sà!"

Ilẹ̀kùn rí òwú pupa tó ń yọjú lábẹ́ ẹ̀wù ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Mànàmáná, kí lo wọ̀ sábẹ́ yẹn?"

"Tí mo bá gbá a wọlé, wàá kà á."

"Mi ò fẹ́ kà á. Jẹ́ kí ẹ̀wù wà lọ́rùn rẹ. Bó bá di pẹnáritì, ìwọ lo máa gbá ìkarùn-ún o."

3.
Eré kò tíì pé ogún ìṣẹ́jú tí rẹfirí fi fọn fèrè, tí Mànàmáná sì fi ìbínú gbá bọ́ọ̀lù sọnù. Yẹ́lò àkọ́kọ́ nìyẹn.

Nígbà tó di àádọ́rin ìṣẹ́jú, ó gba bọ́ọ̀lù, ó yọ lọ́wọ́ ẹni kìíní, ó yọ lọ́wọ́ ẹnì kejì, ó gbá a sínú àwọ̀n! Èmi tí orúnkún ń dùn láti àárọ̀, mo fò sókè. Orúnkún kúrò nílé ná!

Kí ọmọ yìí dì mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò ṣe é. Iwájú kámẹ́rà ló sáré lọ. Ó bọ́ ẹ̀wù. ÈMI NÌKAN NI.

Ilẹ̀kùn ń pariwo láti ìdí àwọ̀n tiwọn: "Wọ̀ ọ́ padà! Wọ̀ ọ́!" Ta ni yóò gbọ́?

Rẹfirí kò tilẹ̀ sáré. Ó rọra rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó yọ yẹ́lò. Ó tún kọwọ́ bàpò, ó yọ pupa.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo gbàgbé ni."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ tó pẹ́ jù nìyẹn.

4.
Àwọn mẹ́wàá tó kù kò mikàn. Wọ́n di ara wọn mú bí ìka ọwọ́, ẹni tó ṣubú ń dìde, Ilẹ̀kùn ń fi àyà gba bọ́ọ̀lù. Àmọ́ ó ku ìṣẹ́jú méjì péré kí eré parí tí ọ̀kan fi wọ àwọ̀n tiwa, ó di ọ̀kan sí ọ̀kan. Ó di pẹnáritì.

Níbi tí wọ́n ti ń wọṣọ, Mànàmáná jókòó pẹ̀lú ogún bàtà tí àwọn mẹ́wàá tó kù bọ́ sílẹ̀, tí kò sí ẹsẹ̀ nínú wọn. Ó ń gbọ́ ariwo lára ògiri, kò mọ ti ta ni. Ariwo kan ga ju gbogbo èyí tó kù lọ, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé jẹ́jẹ́. Ilẹ̀kùn jókòó tì í.

"Ta ló gbá ìkarùn-ún?"

"Ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ọ̀tún. Kò gbá a rí láyé rẹ̀."

"Ó wọlé?"

Ilẹ̀kùn ń tú ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó jù ú sínú àpò.

5.
Bí àṣekágbá ṣe bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ nìyẹn. Káàdì pupa kò jẹ́ kó gbá eré tó kẹ́yìn, èyí tí wọ́n fi du ipò kẹta. Àwọn tó kù gbá a, wọ́n sì borí láìsí i.

Nígbà tó délé, ó gbé síńgílẹ́ẹ̀tì fún ìyá rẹ̀. "Ẹ bá mi tú u."

Ìyá na abẹ sí i. "Èmi ni mo rán an. Ìwọ ni yóò tú u."

Ọ̀sán kan gbáko ló fi tú u. Òwú tán, ihò tí abẹ́rẹ́ lu kò tán. Bí ẹ bá gbé e sójú oòrùn, ẹ ó ṣì kà á.

Ó wọ̀ ọ́ lọ bá ọmọ tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ọ̀tún. "Ẹrù mi lo rù. Má bínú."

"Mo ti bínú tán," ni ìyẹn wí. "Ọ̀la, aago mẹ́fà àárọ̀, wá kọ́ mi ní pẹnáritì."

Láràárọ̀ báyìí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà lórí pápá, Ilẹ̀kùn lẹ́nu àwọ̀n. Ìdíje mìíràn ń bọ̀. Inú mi dùn dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀!

Ìkìlọ̀ mi rèé, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ yín àti ọmọ aládùúgbò: ohun tí ẹni mọ́kànlá kó jọ, má fi orúkọ ẹyọ ẹnì kan pè é. Bí ayọ̀ bá dé, yọ̀, ṣùgbọ́n wọ ẹ̀wù rẹ, torí fèrè ìkẹyìn kò tíì dún. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni.