Arúgbó Tó Gba Kámú

Ìgbà kẹta rèé lọ́dún kan ṣoṣo tí Kò-Sí-Wàhálà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun. "Kò sí wàhálà" ló máa ń wí kí nǹkan tó bàjẹ́. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé bí èyí bá tún yíwọ́, òun yóò fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀, òun yóò máa gẹ irun.

"Orí ta lẹ tún fẹ́ bàjẹ́?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í. "Ẹ ṣáà máa wo ibi tí ẹ̀ ń tẹ nǹkan sí."

Iṣẹ́ náà ò le létí: kí ó fi dátábéèsì sínú sáfà àtijọ́ kan, kọ̀ǹpútà ńlá tó ń pa ìsọfúnni mọ́ ní yàrá fáìlì ilé ìwòsàn, kí orúkọ àwọn aláìsàn lè wà lójú kan. Ṣùgbọ́n Línọ́ọ̀sì, ètò tó ń darí rẹ̀, ti gbó. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí àwọn tó ṣe é ti pa á tì. Ọ̀gá àgbà ní bí kò bá ṣiṣẹ́ títí di aago méjìlá ọ̀sán, kí sáfà àti ẹni tó ń tún un ṣe jọ máa lọ.

Fáìlì kún yàrá náà débi pé ihò iná kan péré lọ́wọ́ lè tó, sáfà ló sì ń lò ó. Sáfà ò ní ojú tirẹ̀ mọ́, nítorí náà Kò-Sí-Wàhálà fi okùn so kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ mọ́ ọn, ó sì ti ibẹ̀ wọ inú rẹ̀. Línọ́ọ̀sì ni òun náà ń lò, ojú dúdú kan náà ni àwọn méjèèjì ní, ènìyàn ò lè fi ojú lásán mọ inú èwo ló ń tẹ nǹkan sí. Sáfà arúgbó náà ń kùn bí ọlọ. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló pàṣẹ fún un, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló dáhùn pé nǹkan tuntun yìí ò bá ọjọ́ orí òun mu.

"Agídí rẹ̀ nìyí, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe?" Òógùn ti bo Kò-Sí-Wàhálà.

Àánú rẹ̀ ṣe Ìyá Fáìlì, tó ti ń tọ́jú yàrá náà kí wọ́n tó bí i. "A kì í fipá bá àgbà ṣe é, ọmọ mi. Jẹ́ kí n se tíì fún ọ."

Bí wọ́n ṣe ń mu ún, Kò-Sí-Wàhálà ròyìn ibi iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, níbi tó ti pa orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ́, títí kan tirẹ̀. Ìyá Fáìlì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí Kò-Sí-Wàhálà padà sídìí iṣẹ́, ìlà kan ń ṣẹ́jú sí i. Ó tún àṣẹ náà tẹ̀. Ó gbà! Dátábéèsì wọlé wẹ́rẹ́. Kọ̀ǹpútà ń gbóná lórí itan rẹ̀, sáfà ò tilẹ̀ kùn mọ́.

"Arúgbó ti gba kámú," ló wí, inú rẹ̀ dùn dé gongo. Ó tẹ ìyàwó rẹ̀ láago: "Orí aráyé ti bọ́ lọ́wọ́ mi."

Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago méjìlá lù. Bàtà ọ̀gá àgbà ti ń dún bọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò-Sí-Wàhálà na kọ́là rẹ̀.

"Ọmọ mi," ni Ìyá Fáìlì wí, ó ń kó ife tíì, "wáyà ẹ̀rọ arúgbó tí mo yọ nínú ihò iná kí n lè fi omi kaná yẹn, ṣé kí n dá a padà báyìí?"