Ẹ̀rọ Ọ̀gá Ló Gbé Ilé Wọn Mì

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbede méjì. Ẹ kà á dé ìlà tó gbẹ̀yìn kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, nítorí ilé onílé ló wà nínú rẹ̀.

1.

Ọ̀gá Awọnlẹ̀ ló kọ́kọ́ ra kọ̀ǹpútà olójú ńlá láàárín àwọn tó ń wọn ilẹ̀, láyé ìgbà tí kọ̀ǹpútà ṣì wúwo bí àpótí irin. Orí tábìlì rẹ̀ ló gbé e sí. Nígbà tó ra kéékèèké fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó fa wáyà láti ara tirẹ̀ lọ bá tiwọn, ó sì pàṣẹ pé inú ẹ̀rọ òun nìkan ni gbogbo fáìlì ọ́fíìsì yóò máa gbé. Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni yóò ti mú un. Tó bá parí, ibẹ̀ ni yóò dá a padà sí.

Ìyẹn ò burú. Ohun tó burú ni pé ọ̀gá ṣì ń lo ẹ̀rọ náà fún ara rẹ̀. Bó bá ti ṣí àwòrán tirẹ̀, iṣẹ́ àwọn yòókù á máa wọ́ bí ìgbín. Bí ẹ̀rọ bá wá gan mọ́ ọn lọ́wọ́, bọ́tìnnì ló ń tẹ̀: á pa á, á tún tàn án. Igbe á sọ nínú yàrá kejì: "Ó tún ti lọ o!"

Ọ̀gá á rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣáà rí i pé èmi ni mo gbé yín dání."

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń ya àwòrán ilẹ̀ níbẹ̀, bẹ̀ ẹ́ títí. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká ya ẹ̀rọ kan sọ́tọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn, kó kàn máa tọ́jú fáìlì. Tàbí kí kálukú ní ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́."

"Ẹ̀dà? Kí ẹ lè gbé iṣẹ́ mi sá lọ? Kódà bébà tí ẹ kọ ìwọ̀n sí lórí pápá, tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ tán, ẹ fà á ya!"

Àwọn yòókù tẹ orí mọ́ iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ò gbè é lẹ́yìn.

Ẹ̀yin náà ẹ dá a: ta ló ni iṣẹ́, ẹni tó ni ẹ̀rọ, àbí ẹni tó fẹsẹ̀ rìn ín nínú oòrùn?

2.

Ilé-iṣẹ́ ńlá kan fẹ́ gba ilẹ̀ àwọn ará òpópónà kan. Wọ́n ní lẹ́yìn àwọn ilé tó kọjú sí títì, ilẹ̀ tó ṣófo ni. Irọ́ gbuu! Ilé kún ẹ̀yìn ibẹ̀ pìtìmù. Ti obìnrin oníbúrẹ́dì kan wà lára wọn, ààrò rẹ̀ àti yàrá tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn. Àwọn ará òpópónà ní kí Ọ̀gá Awọnlẹ̀ wọn ilé wọn pátá, kó gbé àwòrán rẹ̀ lọ síwájú adájọ́.

Àbúrò ọ̀gá wọn ti iwájú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà. Lẹ́yìn náà ló wọn ti ẹ̀yìn. Àárọ̀ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ ló ń parí rẹ̀.

3.

Àárọ̀ yẹn kan náà ni àlejò pàtàkì kan wá sí ọ́fíìsì. Ọ̀gá fẹ́ fi àwòrán ilé alájà tó ń lá àlá rẹ̀ hàn án. Ó ṣí i. Ẹ̀rọ gan.

Àbúrò rẹ̀ ké láti yàrá kejì: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnnì o! Àwòrán àwọn ilé ẹ̀yìn ni mò ń fi pamọ́ sínú ẹ̀rọ lọ́wọ́!"

Àlejò rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ta wá ni ọ̀gá níbí gan-an?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ ọ̀gá lára ṣinṣin. Ó na ọwọ́, ó tẹ bọ́tìnnì.

Ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn. Ó tún tàn án. Kàkà kó kùn hùù bó ṣe máa ń kùn, ká, ká, ká ló ń ró, bí ẹni ń fi èékánná ta agolo. Ó pa á, ó tún tàn án. Ká, ká, ká. Àbúrò rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lérí.

"Ẹ tún un tàn," ni ọ̀gá sọ, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló jókòó sídìí ẹ̀rọ.

"Bọ̀ọ̀dá, ó ti lọ. Gbogbo rẹ̀ ló ti lọ, mo sì ti fa bébà ìwọ̀n ya bí ẹ ṣe ní ká máa ṣe. Ẹ sọ òtítọ́ fún adájọ́, kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú. Màá tún ilé wọn wọ̀n."

"Kí gbogbo ayé gbọ́ pé ọwọ́ ara mi ni mo fi pa á?"

Ó ká bébà àwọn ilé iwájú, ó bọ́ síta.

4.

Adájọ́ náà, obìnrin onísùúrù kan, wo bébà, ó wo ọ̀gá. "Ẹ̀yin lẹ yà á. Ṣé àwòrán yìí pé? Bí kò bá pé, ẹ sọ ọ́, màá fún yín láyè."

Ọ̀gá ṣíjú wẹ̀yìn, ó rí àwọn awọnlẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti fi ẹ̀rọ yẹn yangàn sí.

"Ó pé, mà."

Oníbúrẹ́dì fò dìde. "Ó pé kẹ̀? Ọ̀gá, ilé mi dà? Àbúrò yín wá wọ̀n ọ́n, omi ilé mi ló mu! Ààrò mi dà nínú bébà yẹn?"

Ọ̀gá tẹjú mọ́ bébà, bí ẹni pé ilé lè hù níbẹ̀.

5.

Adájọ́ gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ya àwòrán gbọ́, ó sì dá ilẹ̀ ẹ̀yìn fún ilé-iṣẹ́ ńlá náà. Katapílà dé. Àwọn ilé iwájú dúró. Ti ẹ̀yìn wó lulẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dé orí ààrò, èéfín ṣì ń yọ nínú rẹ̀. Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Níbí, ìka tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni wọ́n gé!

Àbúrò ọ̀gá kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní ọ́fíìsì, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ta ló tún fẹ́ gbé ilẹ̀ fún ọ̀gá wọ̀n? Oníbúrẹ́dì wá bá a níbi tó dá jókòó sí. Kò ṣépè. Ó kàn bi í pé:

"Ọ̀gá, 'kò pé' péré ló yẹ kí ẹ sọ. Ṣé ó wúwo ju ilé mi lọ ni?"

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má fi iṣẹ́ gbogbo ènìyàn sábẹ́ ìka ẹnì kan. Ẹ̀rọ tó ń tọ́jú iṣẹ́ gbogbo ilé kì í ṣe ohun ìṣeré ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣe ẹ̀dà, ẹ fi pamọ́ síbòmíràn. Bí ẹ bá sì ṣàṣìṣe, ẹ jẹ́wọ́ kí ilé ẹlòmíràn tó wó. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tí ẹ ń tẹ orí mọ́ iṣẹ́ nígbà tí ẹnì kan ń sọ òtítọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru.