Bí Ìyàndá Ṣe Lu Gbogbo Ẹni Tí Kò Fẹ́ràn Àwo Rẹ̀ Kejì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàbọ̀. Ẹ kà á tán, pàápàá ìwọ tí o máa ń bèèrè pé, "Ta ló ní iṣẹ́ mi ò dáa?"

1.
Lọ́dún 1960, Ìyàndá tó ń tún rédíò ṣe l'Ẹ́dẹ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀. Ó gba orin Sìmbíátù, àbúrò rẹ̀ ọmọ ìyá kan náà, sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan l'Ékòó sì bá a tẹ̀ ẹ́ sórí àwo orin.

Nígbà náà, télọ̀ ló ń dá ẹjọ́ àwo. Bí àwo tuntun bá dé, wọ́n á gbé e lọ sí ìsọ̀ Bùràímọ̀ télọ̀, nítòsí réluwéè. Bí ẹsẹ̀ Bùràímọ̀ bá dúró lórí maṣíìnì, àwo náà dára. Bó bá ń ránṣọ lọ, kí ẹni tó ni àwo máa gbé e relé.

Lọ́jọ́ tí Sìmbíátù kọrin nínú giramafóònù, télọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní ìsọ̀ náà, títí kan Bùràímọ̀, ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń wọn ìbàdí rẹ̀ gbàgbé pé òun ò wọ ṣòkòtò, ó bọ́ síta, ó ń jó.

Gbogbo ìlú ń wí pé, "Ohùn Sìmbíátù dùn!" Kò sẹ́ni tó wí pé, "Ẹ̀rọ Ìyàndá dára." Ọ̀rọ̀ yìí dun Ìyàndá dé egungun.

2.
Lọ́dún kejì, ó ṣe àwo mìíràn. Kò pe Sìmbíátù. Ó gba ariwo réluwéè, ariwo ẹ̀rọ ìlọta àti ikọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó gé wọn, ó lẹ̀ wọ́n pọ̀, ó ní orin ayé tuntun nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ Èkó bá a tẹ̀ ẹ́, àmọ́ wọ́n kìlọ̀ fún un: "Bí àwọn ará ìlú rẹ ò bá gbà á, kò sí ẹ̀kẹta."

Ìyàndá gbé e dé ìsọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kìíní kọ, Bùràímọ̀ ń ránṣọ. Ẹ̀gbẹ́ kejì kọ, ó ń ránṣọ. Ìgbà tí àwo parí, ó ti rán odindi ṣòkòtò kan tán.

"Bọ̀dá Bùràímọ̀, ẹ ò gbọ́ orin ni?"

"Orin ti bẹ̀rẹ̀? Mo rò pé o ṣì ń tún giramafóònù ṣe ni."

Ẹ̀rín sọ. Ìyàndá ta maṣíìnì náà nípàá. Abẹ́rẹ́ gba inú ìka Bùràímọ̀ wọlé, ó yọ lódì kejì, òwú sì tẹ̀lé e. Òwú dúdú ni.

3.
Tíṣà Ọládòṣù, tó ń kọ́ni ní Sekona, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé: "Àwo yìí dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń da abọ́ pánù sílẹ̀ láti orí àjà. Kí Ìyàndá lọ bẹ àbúrò rẹ̀."

Ìyàndá gun kẹ̀kẹ́ dé Sekona, ó bá tíṣà nínú kíláàsì.

"Ìwọ lo kọ eléyìí?"

"Èmi ni. Ẹ jókòó, ká jọ sọ ọ́."

Ìkúùkù ló fi dá a lóhùn. Eyín méjì bọ́ sílẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀kì. Ó di tíṣà lọ́rùn mú, ó gbá orí rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹta.

"Tún un kọ! Kọ pé ó dùn!"

Tíṣà mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ gàdàgbà sára bọ́ọ̀dù: Ó DÙN. Ẹ̀jẹ̀ ń kán láti ẹnu rẹ̀. Ìyàndá kà á, inú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀.

4.
Lẹ́tà dé láti Èkó: "A ti gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nípa àwo rẹ. A ó ṣe ẹ̀kẹta bí Sìmbíátù bá máa kọrin. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, má wá mọ́."

Ìyàndá gba Alajue lọ, níbi tí Sìmbíátù wà nílé ọkọ. Ó bá a nídìí odó, ó ń gúnyán.

"Bọ̀dá mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó."

"Mi ò wá jókòó. Múra, o fẹ́ kọrin."

"Màá kọ ọ́. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bẹ Bọ̀dá Bùràímọ̀ àti tíṣà. Àwo yẹn ò dáa, bọ̀dá mi. Ẹ̀yin náà mọ̀."

"Ìwọ náà, Sìmbíátù?"

"Èmi náà. Bí ọmọ ìyá yín ò bá sọ ọ́, ta ni kó sọ ọ́?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí i: ó ti gbà. Àwo kẹta ti délé. Ẹ̀bẹ̀ méjì péré ló kù. Àmọ́ Ìyàndá já ọmọ odó gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi gbá a lọ́fun.

Sìmbíátù ṣubú. Ó la ẹnu láti ké, igbe ò jáde.

Ọkọ rẹ̀ àti àwọn àbúrò ọkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti oko bọ̀. Wọn ò bèèrè ohunkóhun. Kùmọ̀ ba etí ọ̀tún Ìyàndá, ẹ̀yìn àdá ba ti òsì. Ìgbà tí ó fi máa rẹ̀ wọ́n, ẹ̀jẹ̀ ti kún etí méjèèjì.

5.
Sìmbíátù yè, àmọ́ láti ọjọ́ náà, bí ẹni ń sọ àṣírí ló ń sọ̀rọ̀. Ilé-iṣẹ́ Èkó wá ẹlòmíràn. Ìyàndá fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì jura.

Nígbà tó dé, ó ń jókòó síta, ó ń bi àwọn tó ń kọjá pé, "Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni àwo mi yẹn ṣe rí lójú yín?"

"Kò dáa rárá!"

Á mi orí, á rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun." Etí méjèèjì ti di.

Ìwọ tí ò ń kà á, bí wọ́n bá ní iṣẹ́ rẹ ò dáa, padà sídìí iṣẹ́. Má lu ẹni tó sọ òótọ́ fún ọ. Ó lè jẹ́ òun nìkan ló ṣì fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ràn. Àwọn àgbà ti wí i: ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀.