Apá Irin Tí Wọ́n Fi Ojú Wọ̀n

“Ìwé ò jó irin rí, Tíṣà! Fi mí lọ́rùn sílẹ̀ jàre!”

Ẹ dúró ná, ẹ má tíì bá wọn dá sí i. Ẹ fi sùúrù kà á dé ìsàlẹ̀, torí ẹni tọ́rọ̀ yìí máa bá wí pọ̀ nínú wa.

Ẹni tó ń pariwo yẹn, jórinjórin ni. Ojú-Òṣùwọ̀n ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, torí kì í lo téèpù. Á dijú kan, á la ìkejì, ó ti wọ̀n ọ́n nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, ló ní kó bá òun na apá irin kan jáde lókè ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kóun lè fi pátákó tuntun kọ́ ọ. Ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣe tíṣà, ni ò gbà.

“Bàbá àwọn ọmọ, pátákó ọgbọ̀n kílò, iná rẹ̀ kílò mẹ́wàá. Àpapọ̀ ohun tó ń fà á wálẹ̀, ogójì. Ṣóńṣó rẹ̀ lẹ sì fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ sí, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí ògiri. Ẹ fi irin míì tì í nísàlẹ̀.”

“Ogójì? Èmi tí mo tó ọgọ́rin ńkọ́?”

Ló bá gun àkàbà, ó rọ̀ mọ́ irin tó ti fi bóòtù dè mọ́ ògiri, nítòsí ìdí rẹ̀, ó ń mì dirodiro. Irin ò mira. Àwọn aládùúgbò pàtẹ́wọ́.

“Ibi tẹ́ ẹ rọ̀ mọ́ ò ju ìdajì ẹsẹ̀ bàtà sí ògiri lọ,” ìyàwó ní. “Ọgọ́rin lọ́nà ìdajì, ogójì. Ti pátákó, ogójì lọ́nà mẹ́rin, ọgọ́jọ! Ìlọ́po mẹ́rin ohun tẹ́ ẹ dán wò nìyẹn.”

“Ẹ wò ó, ó ti ń ṣírò ọkọ ẹ̀!”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. 

Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n gbé pátákó náà kọ́, aránṣọ jáde láti sin oníbàárà kan. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó ń juwọ́ sí i pé ó dàbọ̀. Bóòtù irin náà tu lára ògiri tòun ti sìmẹ́ǹtì. Ọwọ́ tó ń jù yẹn ni pátákó bá.

“Atẹ́gùn ni,” Ojú-Òṣùwọ̀n ní nílé ìwòsàn.

Atẹ́gùn wo? Aṣọ tí wọ́n sá lódìkejì ọ̀nà ò mì lọ́jọ́ náà. Ó yíjú, ó rí ìyàwó rẹ̀ níbi tó dúró sí. Obìnrin náà ń tún ìrọ̀rí aránṣọ ṣe. Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn. Ilẹ̀ lọkùnrin ń wò títí wọ́n fi délé. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún un? Òdìkejì títì ni wọ́n ń gbà báyìí. Ó ti ra téèpù o, ṣùgbọ́n téèpù ọ̀hún ò gùn tó ìtìjú ẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kẹ́ ẹ tó gbé nǹkan kọ́, ẹ má béèrè bó ṣe wúwo nìkan, ẹ béèrè bó ṣe jìnnà sí ìdí. Bí ará ilé yín bá sì mọ̀ ọ́n, ẹ má fi í ṣẹ̀rín lójú èrò. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tú ohun tí wọ́n fi di ọwọ́ aránṣọ, ìka mẹ́ta ò ká. Àbúrò rẹ̀ wólẹ̀ síwájú gbogbo ilé.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí.”

“Mo ti dárí jì ẹ́, àbúrò mi. Ṣùgbọ́n ìwọ tó o mọ ojú fi wọn nǹkan, dìde, bá mi wọn ọwọ́ yìí. Ìgbà wo ló máa tó di abẹ́rẹ́ mú?”