Òfin Ò Gba "A Dúpẹ́"

Láràárọ̀ ni Sájẹ́ńtì Morádéún ń kí Bàbá Láníhùn, káfíńtà tó fẹ́ para rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Láyé àtijọ́, àtìmọ́lé ni wọn ì bá jù ú sí. Òfin ìsinsìnyí ní kí ọlọ́pàá máa bi í léèrè àlàáfíà rẹ̀, kó má sì ṣe gba "a dúpẹ́" lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Bàbá mi orí. "N ò rí oorun sùn. Àmọ́ mo kan àga kan lánàá."

Morádéún kọ ọ́ sílẹ̀, ó dìde.

"Ìwọ náà ńkọ́, ọmọ mi? Ṣé àlàáfíà ni?"

"A dúpẹ́, sà."

Bàbá wo ojú rẹ̀ tó wú bíi ti ẹni tó fi òru sunkún, ó sì rọra fa àga tuntun náà sún mọ́ ọn.

"Jókòó," ó ní. "Òfin ò gba ìyẹn."