Ohùn Tó Ń Pè Nísàlẹ̀ Ilé Ìṣọ́ Iná

Rìnsọ́lá pa gbogbo fèrèsé dé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Ẹnìkan ń pè é nísàlẹ̀.

Ilé onígi yìí ga fíofío láàárín igbó páàkì kan ní Staten Island. Láyé ọjọ́un, àwọn panápaná ló ń jókòó síbẹ̀ ṣọ́ èéfín. Ní báyìí, wọ́n ń fi háyà fún ẹni tó bá fẹ́ sùn mọ́jú.

Ìsinmi ló bá wá. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa tọ́jú arúgbó ní Bronx. Ó ti pa fóònù.

Òórùn èéfín ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ń yan ẹran ní páàkì ni, lójú tirẹ̀.

"Rìnsọ́lá."

Ohùn Olúsànmí ọkọ rẹ̀ gan-an ni. Àmọ́ Olúsànmí ń bẹ níbi iṣẹ́ ní Brooklyn. Àti pé Ìyá Kànmí ló máa ń pè é. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Kànmí, kò pè é lórúkọ rí.

Ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un láti kékeré: "Bí wọ́n bá pè ọ́, tí o ò rí ẹni tó ń pè ọ́, má dáhùn."

"Rìnsọ́lá."

Ó fọwọ́ bo ẹnu.

Ohùn náà yí sí Gẹ̀ẹ́sì, ó ń bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá panápaná, bí ẹ ṣe pè mí níbi iṣẹ́ ni mo sáré wá. Orúkọ rẹ̀ tẹ́ ẹ ní kí n pè náà ni mo ń pè. Kò dáhùn. Á ti sọ̀kalẹ̀ kí àtẹ̀gùn tó gbiná."

Rìnsọ́lá di irin ilẹ̀kùn mú. Ó jó o lọ́wọ́.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, ó pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ.

Fèrè ọkọ̀ panápaná tó ń lọ pa iná tó kù nínú igbó bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.